Oríkì Kábíyèsí Inú Àpò Afẹ́fẹ́

Nínú gbogbo àwọn tí ó jọba láìjagun, tí wọ́n gba ìlú láìta ọfà kan, kò sí èyí tí ó yẹ kí apohùn kọ́kọ́ kì bí aràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anguillicola crassus. Àgbà tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ, síbẹ̀ tí ẹja tí ó gbóyà láti la òkun já ń gbé e káàkiri bí ẹrú ti í gbé olúwa rẹ̀. Amùjẹ̀-má-sanwó, àlejò tí í gba yàrá kí onílé tó rí ibi jókòó, ọmọ àfòmọ́ tí kò ní gbòǹgbò tí ó sì ń bá gbogbo igi tan: kí ilé ó gbọ́, kí odò ó gbọ́, kí òkun pàápàá ó dákẹ́, kí oyè rẹ̀ lè jẹ́ kíkà tán.

Ààfin rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní kíkì. Inú ẹja gígùn kan tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tí ó jọ ejò, tí a sì lè pè ní ẹja-ejò Yúróòpù, ni Kábíyèsí tẹ̀dó sí. Kò bá àwọn aràn mẹ̀kúnnù há mọ́ inú ìfun, inú àpò afẹ́fẹ́ ni ó tẹ́ ìtẹ́ sí. Àpò yìí, tí ó wà lábẹ́ eegun ẹ̀yìn, ni ẹja fi ń díwọ̀n bí yóò ṣe léfòó tàbí bí yóò ṣe rì láìná agbára púpọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá gbà á ti gba ìjánu lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Ibẹ̀ ni ọba yìí ti ń fa ẹ̀jẹ̀ mu láti ara ògiri ààfin, títí ògiri náà yóò fi ki, tí yóò kún fún àpá, tí kò sì ní lè fẹ̀ bí ó ti yẹ mọ́. Ọba tí ń jẹ ògiri ilé tí ó ń gbé, ta ni ó tún gbọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Orírun rẹ̀ kò fara sin. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó ti wá, lára ẹja-ejò Japan, àwọn onímọ̀ Japan ni wọ́n sì ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1974. Nílé, kì í ṣe ọba rárá. Ayálégbé lásán ni, nítorí pé ara ẹja-ejò Japan ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó máa ń mọ odi yí ọ̀pọ̀ nínú ìdin rẹ̀ ká títí wọn yóò fi kú, èyí tí ó bá sì yè kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò kó ẹja-ejò láàyè láti Éṣíà wọ Yúróòpù, wọ́n rí Kábíyèsí ní Jámánì ní 1982, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé ọ̀pọ̀ odò Yúróòpù, tí ó sì kọjá sí Àríwá Áfíríkà. Ní 1995, ìròyìn rẹ̀ ti dé láti ọgbà ìsìn-ẹja kan ní Texas. Akin tí ó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ṣẹ́gun ilẹ̀ mẹ́ta!

Ọlọ́lá kì í dá rìn. Ẹyin rẹ̀ a gba ọ̀nà tóóró tí ó so àpò afẹ́fẹ́ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, a bá ìgbẹ́ ẹja jáde sínú omi. Àwọn kòkòrò omi wínniwínni, irú àwọn tí ń gbé sobìyà kiri nínú omi mímu nílẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí, a gbé ìdin rẹ̀ mì. Ẹja kéékèèké a jẹ kòkòrò náà. Ẹja-ejò a sì jẹ èyíkéyìí nínú wọn. Ìdin náà yóò wá lu ògiri ìfun já, yóò wọ àpò afẹ́fẹ́, yóò sì dàgbà níbẹ̀. Ọba tí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń pọ̀n láìmọ̀ pé àwọn pọn ẹnikẹ́ni!

Síbẹ̀, ìrìn-àjò ni ògo rẹ̀ ti yọ jù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú odò, ẹja-ejò Yúróòpù a pa àwọ̀ dà, ojú rẹ̀ a tóbi, ìfun rẹ̀ a sún kì, kò sì ní jẹun mọ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ nìkan ni yóò fi wẹ kìlómítà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dé Òkun Sargasso, ní ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì, níbi tí yóò ti yé ẹyin kí ó tó kú. Lójú ọ̀nà, a máa wẹ ní ìjìnlẹ̀ bíi mítà 200 sí 300 lóru, a sì rì lọ sí nǹkan bí mítà 600 lọ́sàn-án, ìrìn tí ó ṣòro fún ẹni tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ní Netherlands gbé jáde ní 2007, níbi tí ẹja-ejò ti ń wẹ lòdì sí omi tí ń ṣàn, àwọn tí aràn wà nínú wọn kò lè yára bí ẹgbẹ́ wọn, agbára tí wọ́n sì ń ná lórí ìrìn kan náà pọ̀ jù. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí àpò wọn ti bàjẹ́ ṣíwọ́ wíwẹ̀ nígbà tí omi kò tíì sáré púpọ̀. Èyí tí ó yẹ kí wọ́n lu gbẹ̀du fún jù lọ ni pé àwọn tí aràn ti tán nínú wọn, ṣùgbọ́n tí àpá kù nínú àpò wọn, kò sàn ju àwọn tí aràn ṣì wà nínú wọn lọ: ọba wàjà, òfin rẹ̀ kò wàjà.

Àwọn aràn mìíràn ń yí ìwà ẹja padà kí wọ́n lè jèrè, bí irú èyí tí ń mú kí ẹja máa rìn lójú omi kí ẹyẹ lè gbé e, nítorí inú ẹyẹ ni aràn náà ti ń bímọ. Kábíyèsí kò jèrè kọ́bọ̀. Omi iyọ̀ kò bá ìdin rẹ̀ lára mu, ìgbéyàwó tí ó ń bà jẹ́ ní Sargasso kì í ṣe èyí tí wọ́n pè é sí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìgbéyàwó náà ìbá bí ni ilé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ìbá gbé.

Oríkì kò pé láìdárúkọ ìjòyè àti afọbajẹ. Ìsédò, ẹ̀rọ tí ń fi agbára omi pèsè iná mànàmáná, àwọ̀n apẹja àti omi ẹlẹ́gbin ni ìjòyè tí ń bá a ṣèlú, láti 2008 sì ni ẹja-ejò Yúróòpù ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí ó súnmọ́ àkúrun jù lọ. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2007 fẹ́ kí ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n ẹja-ejò tí ìbá jáde lọ sí òkun bí kò bá sí ọwọ́ ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ wọn máa rí ọ̀nà jáde; ṣùgbọ́n ẹnu odò ni kíkà náà parí sí, Kábíyèsí sì wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kà. Ẹja tí ó jáde kì í ṣe ẹja tí ó dé. Aràn kò mọ ọ̀nà láti Éṣíà dé Jámánì, ènìyàn ni ó gbé e. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń kó ẹja láàyè láti odò kan lọ sí òmíràn láìyẹ inú rẹ̀ wò ni afọbajẹ, òun gan-an ni gbogbo oyè yìí tọ́ sí.