Lẹ́tà sí Sólà Aso Rock

Ẹ̀yin sólà ọlọ́lá tó wà ní Aso Rock,

Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìgbádùn. A bá yín yọ̀ pé ẹ ríbi ire wọ̀ sí. Bílíọ̀nù 10 náírà ni wọ́n kọ sínú ìṣúná 2025 nítorí yín. Owó ìlú ni, kò sí èlé, kò sí onídùúró. Àwa kò jowú o. Òdo tó tẹ̀ lé 10 yẹn la ṣì ń kà, ojú ló ń ro wá.

Ẹ má bínú pé a ó bú àwọn tó gbà yín sílé lójú yín. Ní oṣù Kejì 2024, AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Àbújá, gbé orúkọ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó jẹ gbèsè iná jáde; Villa wà níbẹ̀, mílíọ̀nù 923 náírà. Wọ́n jókòó tún un ṣírò, ó di mílíọ̀nù 342, Ààrẹ sì ní kí wọ́n san án. Ní Lugbe tiwa, kò sẹ́ni tí í bá onígbèsè jókòó ṣírò. Àkàbà àwọn tó ń gé iná ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni yúníìtì iná Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn pọ̀ jù, fò láti náírà 68 sí 225. Mínísítà iná nígbà náà, Adébáyọ̀ Adélabú, tún ní iná olówó pọ́ọ́kú ló ń jẹ́ ká fi fírísà sílẹ̀ ní títàn bá a bá jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ṣé wọ́n máa ń pa fírísà Villa bí ọ̀gá bá lọ sí Faransé?

Ká má purọ́ mọ́ ìjọba, wọ́n rántí àwa náà. Ní 2020, wọ́n pariwo Solar Power Naija, ilé mílíọ̀nù 5, CBN sì gbé bílíọ̀nù 140 kalẹ̀: owó yíyá ni, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta sólà ni wọ́n sì ń yá. Ní 2023, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò iná sólà DARES. Àwọn iléeṣẹ́ náà ló tún ń gbà á, ibi tí wáyà kò dé ni wọ́n sì ń wò jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà dé ọ̀dọ̀ wa. Iná ni kò bá a dé. Ẹ tún wá wò ó pé ayálégbé ni wá. Bá a bá tilẹ̀ rówó yá ní CREDICORP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yáni lówó, òrùlé onílé la ó gbé sólà náà lé, kó tó dọdún tó ń bọ̀ ni yóò fowó kún owó ilé, yóò ní ilé òun ti di ilé oní-sólà.

Ní oṣù Kẹta 2025, mínísítà sáyẹ́ǹsì ní ìjọba fẹ́ dá sólà òkèèrè dúró lẹ́nu bodè, ká máa lo ti ilé. Ẹ dákun, ẹ̀yin fúnra yín, ọmọ ìlú ibo ni yín?

Wọ́n tún ti kọ bílíọ̀nù 7 mọ́ orúkọ yín nínú àbá ìṣúná 2026. Ọjọ́ tí Villa kò bá bu dísù sí jẹnẹrétọ̀ mọ́, ẹ bá wa bi wọ́n: owó dísù yẹn, ìlà wo ni wọ́n wá kọ ọ́ sí?

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé kan ní Lugbe