Ìwà Rere Ẹyin Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ofosu, ẹ pa rédíò yẹn, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ìwà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo wá ẹni tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ láàárín yín tì, ni mo bá mú ewúrẹ́.

Ẹ wo èyí tó dùbúlẹ̀ sétí títì Benin yìí. Bí ẹyin bá já kúrò nílé ẹyin nínú ikùn rẹ̀, kì í sáré. Kò lẹ́sẹ̀, kò nírù. Ẹnu ọ̀nà ẹyin, tó ní wajawaja yí ká, ni yóò gbá a wọlé. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí ń tì í síhà ilé ọmọ, iṣan ọ̀nà ń fún, ó ń tú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo ẹyin lára ni irun náà ń rí dì mú; bí wọ́n bá ṣí, irun á máa gbá òfo. Ẹ̀yin tí ṣòkòtò ń já nídìí, ṣé ẹ gbọ́?

Ó dé ibi tó fẹ̀, ó dúró, kí àtọ̀ òbúkọ wá bá a níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ 4 kó tó wọ ilé ọmọ. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yá, ọjọ́ 2. Ti ajá, ajá oníwàdùwàdù, máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Tènìyàn tó ọjọ́ 3 sí 4, lórí ọ̀nà sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 péré. Èyí tó bá dé kí ilé ọmọ tó ṣe tán, ó ṣègbé. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ gbórí sókè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń wá gan-an ni ọkùnrin tó lọ kó àtọ̀sí wálé fún aya rẹ̀, tó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń pe obìnrin náà ní àgàn. Àtọ̀sí a máa ba irun wẹ́wẹ́ yẹn jẹ́, àpá rẹ̀ a sì máa dí ọ̀nà. Ẹ̀fín sìgá náà ń ṣèdíwọ́ fún irun náà. Nígbà tí kòtò títì bá dá bọ́ọ̀sì dúró, ṣé èrò ọkọ̀ la ń bú?

Bí ọ̀nà bá dí ààbọ̀, oyún lè dúró síbẹ̀, kó máa dàgbà níbi tí kò láyè, títí ọ̀nà á fi bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú. Àwàdà mi tán níbí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń gún ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì ń kọ́, ẹ má ní kó mu àgbo sùn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ọkọ rẹ̀ sì sanwó.