Ajé Gúnlẹ̀, Àwọsánmà Gbé E Lọ

Ẹ gbà mí o. Àwọn tó sọ àdúgbò tó múlé tì wá ní Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ajé gúnlẹ̀, ó fìdí kalẹ̀. Tèmi ò fìdí kalẹ̀ rárá. Bí oṣù bá ti ń parí ni ajé tèmi máa ń gbéra ní ọ́fíìsì mi ní Marine Beach, á di dọ́là, á fò lọ sókè. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń sanwó àwọsánmà, èmi tí òrùlé ọ́fíìsì mi ń jò.

Iṣẹ́ kílíárìnsì ni mo ń ṣe. Ọdún 2007 ni mo kọ orúkọ mi sára pátákó. Nígbà yẹn, bíró kan àti ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti tó. Oníbàárà tó bá fẹ́ mọ ibi tí kọ̀ǹténà rẹ̀ dé á pè mí, màá ní, "Ó ti ń jáde ní èbúté Tin Can," yálà ó ń jáde ni o, tàbí kò tíì já sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ayé rọrùn. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé Ètò dé, tó wá di pé orí fóònù ni tírélà ti ń gba àyè kó tó lè wọ èbúté. Èmi ò bá Ètò jà, orúkọ rẹ̀ tiẹ̀ dùn ún pè. Àmọ́ látìgbà náà ni àwọn oníbàárà mi ti yarí pé àwọn náà fẹ́ máa fojú ara àwọn rí kọ̀ǹténà lórí fóònù. Mo ṣe áàpù. Wọ́n ní áàpù ò lè gbé inú kọ̀ǹputà tó wà lábẹ́ tábìlì mi, inú cloud, ìyẹn àwọsánmà, kọ̀ǹputà tí a ń háyà, ló gbọ́dọ̀ gbé. Wọ́n ní cloud kì í dá gbé, ó ń fẹ́ ẹnjiníà.

Ọmọkùnrin kan wá fún intafíù. Ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún bíi pé ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, "Region wo lẹ wà, sà?" Mo ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ibo ni ì bá tún jẹ́? Ó rọra rẹ́rìn-ín bí dókítà. Ó ní ti cloud lòun ń bèèrè. Ó tẹ kọ̀ǹputà rẹ̀ títí, ó ní Cape Town ni, níbi tí Amazon ti ṣí ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní 2020. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹténà wà ní Tin Can, ẹlẹ́rù wà ní Boundary, èmi wà ní Marine Beach. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá fojú àánú wò wá, kẹ̀kẹ́ kan á yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po kí ẹ̀kọ tó tutù. Ìròyìn kọ̀ǹténà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí South Africa!

Mo bi í léèrè iye tó fẹ́ máa gbà. Ó dá a ní dọ́là. Ìyá oníresì tó wá kó abọ́ rẹ̀ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Lóṣù àbí lọ́dún?"

Mo gbà á síṣẹ́ ní ìdajì. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní iye ti ìjọba, cloud mi tó jẹ́ $200 lóṣù ò sì tó ₦100,000. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ó ti lé ní ₦300,000. Tírélà mi ò lé kan, àwọsánmà ò fẹ̀ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun lápá Abidjan, áàpù mi kú fin-ín, àwọn oníbàárà sì ń gun àkàsọ̀ wá bá mi bíi ti ayé ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni àwọsánmà mi ń gbà kọjá.

Akáúntáǹtì mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tax credit ń bẹ. Ó ní ṣé n ò rí títì Àpápá sí Òṣòdì dé Ọjọ́ta ni? Ilé-iṣẹ́ Dangote ló fi kọnkéré ṣe é, ₦72.9 bílíọ̀nù, lábẹ́ àṣẹ tí Ààrẹ Buhari pa ní oṣù kìíní ọdún 2019: ẹni tó bá ná owó ara rẹ̀ sórí ọ̀nà ìjọba á máa yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kó san. Mo ní bí kọnkéré bá lè jẹ owó orí, ẹnjiníà náà lẹ́nu.

Ó ṣíwèé. Àṣẹ ẹ̀dínwó owó orí kan wà láti ọdún 2012: gba òṣìṣẹ́ tuntun 10, kí 6 nínú wọn má tíì ṣiṣẹ́ rí láyé wọn, kí wọ́n má sì tíì lò ju ọdún 3 lọ tí wọ́n jáde níléèwé. Ọ́fíìsì mi ò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, ìyẹn bí ẹnì kan bá dúró. Àṣẹ náà sì rèé, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un, ó ti kú kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó wá kan òfin Startup ti ọdún 2022. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ju ọdún 10 lọ ò sí níbẹ̀. Mo ti dàgbà jù láti jẹ́ ìkókó.

Ló bá pa ìwé dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ kínú yín dùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ kì í san owó orí lórí èrè." Mo ní ó dáa, inú kí la ti fẹ́ yọ owó ẹnjiníà báyìí? Ó ní inú òdo. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwé owó cloud dé, VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àlejò. Owó orí ò dá mi mọ̀, VAT mọ yàrá tí mò ń sùn.

Ọmọkùnrin ẹnjiníà yẹn lo oṣù mẹ́rìnlá. Orí áàpù mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan pa gbogbo nǹkan rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá a padà. Bó ṣe mọ̀ ọ́n tán ló di Manchester. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lè ka owó cloud mọ́ owó òṣìṣẹ́ láti fi gba ẹ̀dínwó owó orí. Àwọn mìíràn tí kò tiẹ̀ jèrè, ìjọba á tún ka owó fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà.

Ọmọbìnrin kan láti Tolu ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó kọ́ iṣẹ́ cloud nínú ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2023. Ó mọṣẹ́, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, kì í pẹ́ dé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó mú lẹ́tà kan wá kí n fọwọ́ sí, pé òṣìṣẹ́ mi lòun lóòótọ́. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Báńkì ló bèèrè rẹ̀, sà." Mo fọwọ́ sí i. Bó ṣe yípadà lọ wá òòtẹ̀, fóònù rẹ̀ tàn lórí tábìlì mi. Ojú ọjọ́ Manchester ló ṣí sí. Àwọsánmà ṣú bolẹ̀ níbẹ̀.