Alàájì, Ẹja Yín Ń Gbé Inú Ṣáláńgá

Alàájì, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, pé àpótí gíláàsì ẹja ti wọ pálọ̀ yín. Àlejò tó wá kí yín kú oríire ọmọ tuntun, ẹja lẹ kọ́kọ́ fi hàn án; ìyá ọmọ ṣì wà ní yàrá tó ń retí. Owó yín ni, ẹ náwó yín. Ṣùgbọ́n ẹja náà bẹ̀ mí pé kí n bá òun rojọ́, torí ẹnu òun ò dùn tó ti ọmọ Ìlọrin.

Ẹ̀sùn kìíní: oúnjẹ. Àlejò kan, ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ kan, kí wọ́n lè rí bí ẹja ṣe ń sáré. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí èrò bá ti mọ́ṣáláṣí yà wá, kó tó di ìrun Aláásárì, ẹja yín ti jẹun ju àáfà tó lọ sí ìsọmọlórúkọ mẹ́ta lọ. Àáfà á relé lọ sinmi. Ẹja ńkọ́? Ibi tó ti jẹun ni yóò ti yàgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò sùn, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa mí.

Ìgbẹ́ yẹn àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù, tí wọ́n bá jẹrà, amóníà ni wọ́n ń dà. Májèlé ni. Kòkòrò àìfojúrí inú fílítà àti òkúta wẹ́wẹ́ á sọ ọ́ di náítíráìtì. Májèlé lòun náà. Kòkòrò mìíràn á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, tọ́wọ́ tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Amóníà àti náítíráìtì, òdo ni kí wọ́n jẹ́. Náítíréètì ní tiẹ̀, bí kò bá ju mílígíráàmù 20 lọ nínú lítà omi kan, ara ẹja á balẹ̀. Tó bá ti ń lé ní 40, nǹkan ti ń bàjẹ́. Kì í pa ẹja lọ́jọ́ kan. Ẹja ò kàn ní dàgbà mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, àìsàn tó ń kọjá lọ á yà kí i.

Ẹ ní omi yín mọ́ gaara, ẹ ń ka òkúta ìsàlẹ̀. Alàájì, náítíréètì ò láwọ̀, kò lóòórùn. Oògùn ìdánwò inú ìgò kékeré ló ń tú u fó: ẹ kán an sínú omi ẹja díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dúró. Tó bá dúró ní yẹ́lò, ẹ rẹ́rìn-ín. Tó bá pọ́n, ẹ wá àga jókòó. Tiyín á pọ́n.

Ẹ̀sùn kejì: ìmọ́tótó òjijì. Ọjọ́ pẹ́ tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan omi ọ̀hún. Ọjọ́ tí àna yín fẹ́ wá, ẹ pe àwọn ọmọ, wọ́n da gbogbo omi nù, wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ bo fílítà, wọ́n rọ omi ẹ̀rọ olóògùn kún un. Kòkòrò tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láìgbowó oṣù, ẹ pa á tọmọtọmọ! Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tún pọ̀. Iná tún lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n, kò gbé fílítà. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ẹ ní ìyá kan tó sọ pé ẹja yín rẹwà ló fojú jẹ ẹ́. Ẹ gbé tírà kọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Tírà dára o, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ fílítà.

Ẹ̀sùn kẹta: òdòdó rọ́bà. Náítíréètì tí ẹja ń sá fún, oúnjẹ ewéko ni. Ẹni tó bá gbin ewéko sínú omi, 5 sí 20 ló ń wá, torí tó bá di òdo pátápátá, ewé á pọ́n. Rọ́bà kì í jẹun. Ojú oró tẹ́ ẹ fi ń ṣàdúrà pé kẹ́ ẹ lékè ọ̀tá wà lójú omi lọ́fẹ̀ẹ́, náítíréètì sì ni ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó wọlé, kí ìgbín má bá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fi ẹja ilé sílẹ̀: àwọn Òyìnbó ń fowó gidi ra kribensis, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tó jẹ́ ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀yin wá ń tọ́ góòlúfíìṣì ará Ṣáínà.

Ẹ fi oògùn ìdánwò yẹn wọn omi kànga yín náà. Èyí tó bá ń bá ṣáláńgá ṣe aládùúgbò, náítíréètì ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí náítíréètì inú omi mímu má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, nítorí ìkókó. Ẹ má sọ pé ẹ ó sè é. Síse kì í lé e, ńṣe ló ń mú kó ki sí i. Tí kànga bá kọjá iye yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹja, ó ti kan ọmọ tuntun tẹ́ ẹ ò fi hàn wá.

Ìdájọ́ rèé: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin omi, ẹ fi omi tó ti sùn mọ́jú rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ, ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Àlejò tó bá ń wá ìran, ẹ fún un ní wàrà. Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù, ẹ lọ ra ẹja àrọ̀ lọ́jà, kẹ́ ẹ gbé e fún Alàájà. Ikú inú ata rodo lọ́lá ju ikú inú ìgbẹ́ ara ẹni lọ.