Arọ Gbọ́ Ogun, Ó Ra Báírò

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Báyìí làwọn àgbà ṣe sọ ọ́, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ṣeré: "tó bá gbọ́n." Àwa ọmọ ìsinsìnyí ti gé ìdí òwe náà sọnù. Lójú tiwa, ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ogun ti bọ́ lọ́wọ́ ogun. A gbọ́ ọ, a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, a fi àwòrán ẹni tó ń sunkún sí i lẹ́yìn, ó parí. Arọ ayé àtijọ́ tó bá gbọ́ pé ogun ku oṣù mẹ́ta, òní ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Arọ òde òní yóò kọ́kọ́ pèpàdé.

Ogun tí mo ń wí ni ìdánwò àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ṣe ní Law School Nàìjíríà kí wọ́n tó lè di lọ́yà. Kò sí ogun tí wọ́n kéde tó o. Kó tó di ọdún 1962 tí Law School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà níbí yóò wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bí Christopher Sapara Williams, ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣe lọ tó fi gba ipò lọ́yà ní Inner Temple lọ́dún 1879, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Lọ́dún 1997, Law School kó lọ sí Bwari lẹ́bàá Àbújá, ó sì ti pín ẹ̀ka káàkiri láti Kánò dé Yenagoa. Ilé ti yí, olùkọ́ ti yí, òfin pàápàá ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun kan tí kò yí ni pé, bí èèyàn bá ti kúrò ní apá tí wọ́n ti ń yan ìdáhùn, ọwọ́ ni yóò fi kọ ìyókù, lójú ìwé, pẹ̀lú báírò, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́, títí ẹ̀kọ́ márààrún yóò fi tán. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹni tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì ti mọ̀.

Ọwọ́ yẹn gan-an ló yarọ. N kò sì fẹ́ dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi tán. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ bọ́tìnnì wọ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, olùkọ́ kọ̀wé sójú pátákó, wọ́n yà á ní fọ́tò. Olùkọ́ tí kò kọ nǹkan fi PDF ránṣẹ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá, kọ̀ǹpútà ni. Ti àwọn mìíràn, ẹ̀rọ ló bá wọn rò ó, ẹ̀rọ ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ló sì bá wọn kọ lẹ́tà àforíjì nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Báírò wá di egúngún ilé wọn: ó di ìgbà ọdún kó tó jáde.

Ìka kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò ló ń pe oúnjẹ, òun ló ń bá olólùfẹ́ jà, òun náà ló ń kẹ́dùn fún ẹni tí bàbá rẹ̀ kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Lára ohun tí Law School ń kọ́ wọn ni bí lọ́yà ṣe ń ṣe ìwé dúkìá fún ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ tí kò mọ̀ọ́kà. Òfin wà tó dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbá Yorùbá kan ni, lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí bàbá létí, pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá fún un, pé ó sì hàn pé ó yé e kó tó tẹ̀ka. Àtàǹpàkò ni bàbá yóò tẹ̀ o! Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, tó dáàbò bo púrúǹtù bí òfin ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n tí ìkọ̀wé òun alára kò ṣeé kà fún ọ̀mọ̀wé. Ta ni yóò ka tiẹ̀ sí wa létí? Ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀? Bàbá ń tẹ àtàǹpàkò sínú yíǹkì, lọ́yà ọ̀la ń tẹ tirẹ̀ sójú gíláàsì. Ẹ bá mi wá ìyàtọ̀. Bàbá tiẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè kọ̀wé.

Ẹ wá wo ìmúrasílẹ̀. Bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé, ọjà báírò á yá. Ẹni kan ní búlúù tí ń ṣàn geere lòun fẹ́, èkejì ní dúdú ẹlẹ́nu tín-ín-rín ni kò ní í dójú ti òun. Odidi páálí ni wọn yóò rà. Ti ẹlòmíràn á dé iwájú pásítọ̀ fún òróró, ti ẹlòmíràn á dé ọ̀dọ̀ ààfáà fún omi hàǹtú. Wọ́n á ra máàkà aláràbarà, wọ́n á sì fi kun ìwé títí kò fi ní í sí ibi tí kò ní àwọ̀, débi pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọn ò kùn ló máa ń fojú hàn jù. Ẹgbẹ́ WhatsApp á pọ̀: ọ̀kan fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún àdúrà, ọ̀kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú méjì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ẹnìkan á fi fídíò sí, nípa bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé kíákíá tí ọwọ́ kò fi ní í ro ó. Gbogbo wọn á wò ó. Wọ́n á tún mú kó máa sáré kó lè tètè tán.

Law School pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Àsè alẹ́ wà tí ó di dandan kí wọ́n jẹ, nínú aṣọ dúdú òun funfun, kí ìwà lọ́yà lè mọ́ wọn lára. Mo mọ àwọn tó fi ìrọ̀lẹ́ mélòó kan nílé kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ gé adìyẹ láìjẹ́ kó dún. Ọwọ́ kan náà ni o. Kò sẹ́ni tó fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di báírò mú.

Gbogbo ohun tó ń náni lówó ni wọ́n ti ṣe tán. Ọ̀fẹ́ ló kù: kí èèyàn mú ìbéèrè ọdún tó kọjá kan, kó gbé fóònù sí yàrá kejì, kó jókòó ti ìwé alálà, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀ láàárín iye àkókò tí ìdánwò fúnni. Lọ́la, kó tún un ṣe. Ẹni tó bá tẹra mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò rí i pé kì í ṣe pé ọwọ́ òun kò lágbára, òun ló ń fún báírò lọ́rùn. Yóò mọ iye ojú ìwé tí òun lè kọ ní wákàtí kan, kò ní í bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn tí kò lè parí. Yóò mọ̀ pé ó yẹ kóun ti to ọ̀rọ̀ lórí kí òun tó gbé e sílẹ̀, torí báírò kò ní bọ́tìnnì ìparẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fi gbé ìpínrọ̀ kẹta lọ sókè. Ṣé iṣẹ́ ńlá nìyẹn? Ó sú ni lásán ni. Kò sì sí ẹni tó lè ya fọ́tò rẹ̀ sórí ìkànnì.

Ẹ jẹ́ ká wọ gbọ̀ngàn lọ. Ìbéèrè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ béèlì fún oníbàárà rẹ̀: ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ìbúra tí yóò tẹ̀ lé e, àti àlàyé òfin tí yóò tì í lẹ́yìn. Lórí kọ̀ǹpútà, eré ọmọdé. Lójú ìwé, àkọlé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀ka ìdájọ́ Ìkẹjà, tó jókòó sí Ìkẹjà. Nọ́ńbà ẹjọ́. Orúkọ ẹni tó pẹjọ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán. Ó kan ìwé ìbúra: Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkẹjà, Ìkẹjà, nọ́ńbà, orúkọ, orúkọ. Ó kan àlàyé òfin: Ilé Ẹjọ́ Gíga... Ibí ni ìka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi ń da ara rẹ̀ kọ. Ìkẹjà àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Ìkẹjà ti àárín ti fẹ̀gbẹ́ tì. Ìkẹjà ìkẹyìn, kò sí awakọ̀ dáńfó tó lè kà á kó gbé èrò débẹ̀. Kókó ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka àárín, níbi tí báírò fẹ̀yìn tì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbọ̀n ọ́n kó lè rọlẹ̀. Alámòójútó rò pé ìwé ló ń tọrọ, ó sáré kó òmíràn wá fún un.

Ẹni tí yóò máàkì ìwé yẹn kò bá a ṣọ̀tá. Òkìtì ló wà níwájú rẹ̀, ohun tí kò bá sì rí kà, kò lè fún un ní máàkì. Bẹ́ẹ̀, èyí tó kéré jù nínú èsì ẹ̀kọ́ márààrún ni Law School fi ń pe èèyàn. Bí o gba ipò kìíní nínú mẹ́rin, tí ìkarùn-ún wá jẹ́ pé agbára káká lo fi já a, agbára káká yẹn ni orúkọ rẹ.

Àwọn kan ń pariwo pé ayé ti kọjá báírò, kí wọ́n gbé ìdánwò náà sórí kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti ń ṣe lókè òkun. Ó ṣeé ṣe kọ́jọ́ yẹn dé, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bá mi bi àwọn ará òkè òkun léèrè. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn tó ń ṣe ìdánwò lọ́yà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ExamSoft tó yẹ kó gbà á kọ̀, kò gbà á. Ìdánwò mìíràn ń bẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì jókòó ti ẹ̀rọ lóru. Àwọn tó fi ọwọ́ kọ tiwọn ti jẹun, wọ́n ti sùn. Oṣù Kejì ọdún 2025 ló kan California: ẹ̀rọ ń dákú, ó ń jí, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ilé ẹjọ́, la bá tún gbọ́ pé AI wà lára àwọn tó gbé ìbéèrè kalẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó gboyè òfin níbí, tí wọ́n lọ ṣe ìdánwò New York, mọ ìlànà ọ̀hún: bí kọ̀ǹpútà bá kú lọ́wọ́ èèyàn, báírò ni yóò fi parí rẹ̀. Kí la tiẹ̀ ń wá lọ sí Amẹ́ríkà? Lọ́dún 2025 kan náà ni kọ̀ǹpútà JAMB dàrú ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn, tí ìdánwò 379,997 ọmọ fi di àtúnṣe, tí ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ibi tí àwọn ọmọ yìí ń múra lọ, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ wa, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé ńlá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í wo ojú adájọ́, báírò rẹ̀ ló ń ṣọ́: bó bá ń rìn, ó dákẹ́, bó bá dúró, ó béèrè èyí tó kàn. Ọmọ tuntun tó bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání, tó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wàràwàrà, ni adájọ́ máa ń wò lókè awò ojú pé kó rọra, òun ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ìbínú kọ́. Bí ẹjọ́ bá dé Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, àkọsílẹ̀ yẹn ni wọn yóò kà, wọn kò ní í pe ẹlẹ́rìí kó wá tún un sọ.

Nínú àwọn ọmọ alátàǹpàkò yìí náà la ó sì ti rí adájọ́ ọ̀la. Òfin ní kí èèyàn ti lo ọdún 10, ó kéré tán, lẹ́yìn tó di lọ́yà kí wọ́n tó lè fi í jẹ adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ọdún 10 tó, ó ṣẹ́ kù, fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọwọ́ ní ìwé kíkọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún un.