Bàbá Ọlọ́ta

Kò sí ìlú tí kò ní Bàbá Ọlọ́ta tirẹ̀. Ti Òfíkì wa ní Òkè-Ògùn yìí, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ilé rẹ̀. Ẹ ṣáà máa bá ìró agolo lọ. Àlejò kò ní tíì jókòó tán, wọn kò ní tíì fún un lómi mu, tí agolo Bournvita yóò ti dé orí tábìlì. "Ẹ wo èyí. Ọta Bóma nìyí!"

Èèpo ọta lásán ni. Ẹ̀tù inú wọn ti jó tán tipẹ́, àpá sì wà ní ìdí wọn níbi tí ìbọn ti gbá wọn. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Àràárọ̀ ló ń kà wọ́n bí Fúlàní ṣe ń ka màlúù, a sì máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n títí idẹ náà yóò fi dán ju orí òun fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọdẹ yin ṣakabùlà níbi ìsìnkú, abẹ́ ibùsùn lẹ ó ti bá akọni wa.

"K tẹ́ ẹ rí nídìí rẹ̀ yìí, Kynoch ni, iléeṣẹ́ kan ní Birmingham. Ìbọn Lee-Enfield ló ń jẹ ẹ́. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ló kó o bọ̀ láti ogun Bóma."

Ọmọ iléèwé kan gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Bàbá àgbà, 55 ni wọ́n kọ sí i. Tíṣà wa ní 1945 ni ogun yẹn parí."

Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá wúkọ́. "Ṣé o mọ òyìnbó ni? Iṣẹ́ ọ̀la, àná ni wọ́n ti ń ṣe é."

Bàbá mọ àmì ìdí ọta bí ẹni mọ ilà ojú ọmọ rẹ̀. Ẹ wá bi í ní orúkọ ọmọ Òkè-Ògùn kan ṣoṣo tó tún lọ Bóma, yóò ní kí òun rò ó ná. Kò gbọ́ rí pé ní 1944, ní àfonífojì Kaladan ní ilẹ̀ Bóma, orí ni àwọn alábàárù Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ru oúnjẹ àti ọta gba inú igbó. Ọta ló níyì lójú rẹ̀. Orí tó rù ú kò jọ ọ́ lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú agolo yìí nílé, ọta tí kò bá ní àpá nídìí, tàbí tí imú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Ní ti orúkọ àwọn tó lọ sógun, ẹ tọ àwọn ọmọ wọn lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Idẹ ò ní sọ ọ́ fún yín.