Olè Rèé, Eyín Rèé

Ní Jámánì, ajá náà ń jókòó fún ìdánwò. Schutzhund ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. IGP ló ń jẹ́ báyìí. Ìpín mẹ́ta ló ní: títọ ipasẹ̀, ìgbọràn àti ìdáàbòbò, máàkì 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ìdáàbòbò ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. “Olè” á sá pamọ́ sẹ́yìn àgọ́, ajá á wá a rí, á dúró tì í, á máa gbó kíkankíkan. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi eyín kàn án! Àfi tí olè bá fẹ́ sá tàbí tó bá kọlù ú ló tó lè gbá a lápá mú, apá tí wọ́n ti dì gbàgìdì bíi tìmùtìmù. Bí olówó rẹ̀ bá ti pariwo “Aus!”, kó tú u sílẹ̀ kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á gé máàkì. Ajá àdúgbò wa ńkọ́? Alágbàfọ̀ ló ń gbó mọ́. Gbéwiri ló ń ju ìrù fún.